Kẹ̀kẹ́ Ìrànwú àti Ọkọ̀ Òṣùpá

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi jẹun fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ojú ọ̀run ni mo máa ń sọ fún un. Àwọn tí wọ́n mọ̀ mí a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ará Ìsẹ́yìn kò mọ̀ ju àpárá lọ. N kò dá àpárá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó yé mi yékéyéké, tí n kò kàn há sórí bí ẹni ń há orin, inú ìròyìn àwọn tí ó rìnrìn-àjò lọ sínú òṣùpá ni mo ti bá a pàdé. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀tá mi ni èdè náà.

Ilé-ìwé mọ́dà ni mo wà ní ọdún 1968, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Òfin kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mi yóò rántí, nítorí kì í ṣe ilé-ìwé tiwa nìkan ni ó wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, a ó so pátákó kan mọ́ ọn lọ́rùn, yóò sì máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn tí yóò gbé e kọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ pátákó lọ́rùn, ẹgba mẹ́fà ni tirẹ̀. N kò lè ka iye ìgbà tí mo gbé e. Nígbà tí ó yá, mo rí ọgbọ́n kan dá sí i: n kò sọ̀rọ̀ mọ́. Yorùbá di èèwọ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò sí lẹ́nu. Kí ni ènìyàn yóò ṣe bí kò ṣe pé kí ó ya odi? Odidi sáà méjì ni mo fi ya odi láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ di agogo méjì ọ̀sán. Olùkọ́ wa kan, tí n kò ní dárúkọ, kí Ọlọ́run forí jì í níbi tí ó wà, a máa nàka sí mi, a máa pè mí ní "ignorant". N kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nígbà náà. Ohùn tí ó fi ń sọ ọ́ ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí n óò padà bá a.

Aṣọ òfì ni bàbá mi ń hun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ agboolé nílùú wa. Ìyá tí ó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ó ń ran òwú. Òwú òyìnbó ti gba ọjà nígbà náà, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò fi kẹ̀kẹ́ ìrànwú rẹ̀ sílẹ̀. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò ti ọmọ ìka bọ eérú kí ó má baà yọ̀, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka kejì rẹ̀ ta ọ̀pá kẹ̀kẹ́ náà; amọ̀ rìbìtì tí ó wà ní ìdí rẹ̀ yóò mú un pòòyì, fọ́nrán òwú yóò sì máa gùn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìtàn. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni ó gbé asọ̀rọ̀mágbèsì kékeré oníbátìrì wá sí ilé òfì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti ń yí i kiri, ó bọ́ sí ibi tí ọkùnrin kan ti ń ka ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu yà mí pé mo ń gbọ́ nínú ohun tí ó ń sọ. Ọkùnrin náà ń rọra sọ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń ka owó lé àlejò lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Láti October 1959 ni Voice of America ti dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Special English. Nǹkan bí 1,500 ọ̀rọ̀ péré ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ níbẹ̀, gbólóhùn wọn kúrú, ohùn wọn kò yá. Oṣù yẹn náà ni tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1972 kí n tó fi ojú kan tẹlifíṣọ̀n. Etí ni mo fi lọ sínú òṣùpá.

Ìdí tí ó fi jẹ́ ìròyìn òṣùpá ni ó yé mi ju àwọn yòókù lọ kò ṣòro. Ogun abẹ́lé ń jà ní ilẹ̀ wa lọ́wọ́, ìròyìn ogun kò sì ní orí, kò ní ìdí fún ọmọdé: orúkọ ìlú yí padà, orúkọ ọ̀gágun yí padà, àwọn àgbà a sì dákẹ́ bí a bá wọlé. Ìròyìn òṣùpá kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta, ọkọ̀ kan, ọ̀nà kan. Mo mọ ibi tí wọ́n ti gbéra, mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòkùnkùn sí mi, àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá sì ní láti lo ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú 1,500 yẹn, wọn a fi gbólóhùn kan túmọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ kìn-ín-ní wọn a ní "orbit", wọn a sì ṣàlàyé. Ní alẹ́ kejì wọn a tún sọ ọ́. Bí ó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ó ti di tìrẹ nìyẹn. Mo ra ìwé olójú-ewé ogójì kan, mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí etí mi ti gbọ́ wọn, láìmọ sípẹ́lì: "launch", "crew", "surface", "crater", "gravity". Mo gbà pé "gravity" àti "grave" jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni: ilẹ̀ ni ó ń fa ènìyàn, inú ilẹ̀ náà ni a ó sì sin ín sí. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà láé.

Kíka ìye sẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra, tí ó ń ya àwọn mìíràn lẹ́nu, kò yà mí lẹ́nu rárá. Àwa tí a ń pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní márùn-ún dín nínú ogún, tí a ń pe mẹ́tàdínlógún ní mẹ́ta dín nínú ogún, a ti mọ̀ tipẹ́ pé a lè dúró níwájú kí á máa ka ohun tí ó kù.

Ní ọjọ́ Wẹ́sidé, 16 July 1969, ni ọkọ̀ Apollo 11 gbéra ní Florida; agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjì ni lọ́dọ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 20 July, nígbà tí agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin gúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n sọ ní Idì, Michael Collins sì ń dá yí òṣùpá po nínú ọkọ̀ ńlá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò sùn. A jáde sí ìta, a wo ìwọ̀-oòrùn. Òṣùpá ọjọ́ náà kò tíì dé ìlàjì, kùrukùru sì ń bò ó, ó ń ṣí i. Kí ó tó di ọ̀gànjọ́, ó ti wọ̀. Ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́rin ìdájí lù kí Armstrong tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òṣùpá.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi bá Ìyá Àgbà ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilé òfì ti ń ta òwú sára òfì nítòsí.

"Ìyá Àgbà, ẹ kú ojúmọ́. Wọ́n ti dé inú òṣùpá."

"Ta ni?"

"Àwọn ará Amẹ́ríkà, mà. Ní ìdájí yìí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò dúró. "Òṣùpá tí ó ti wọ̀ kí n tó sùn lánàá? Ibo ni wọ́n ti rí i tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́?"

Ìbéèrè gidi ni. Lónìí mo mọ̀ pé òṣùpá tí ó ti wọ̀ lójú tiwa ṣì wà lókè fún àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà, nítorí ayé rí rìbìtì, bí ó ti ń yí ni ó ń fi òṣùpá han àwọn kan tí ó sì ń gbà á lójú àwọn mìíràn. Bí mo bá mọ èyí lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá gbé amọ̀ ìdí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ṣàlàyé fún un. N kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí n kò rí èsì, mo wá èébú. Mo dúró ṣánṣán, mo sì fi èdè òyìnbó sọ fún un pé "You are ignorant."

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí mo sọ jáde ní agboolé wa nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin pa á lẹ́rìn-ín. Wọn kò gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ ni ó dùn mọ́ wọn. Ìyá Àgbà gbé ojú sókè.

"Kí ni ó túmọ̀ sí, ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo ní, "Ẹni àgbà ni, Ìyá Àgbà. Ẹni iyì."

Ó mi orí. "O ṣeun. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwọ náà dà á."

Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ sí ẹnu ọ̀nà nígbà náà, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó lọ wẹ ojú rẹ̀. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán níbẹ̀. Kò tán. Ìyá Àgbà gba orúkọ náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Bí àlejò bá kí i tí ó bá wú u lórí, a ní, "Ẹ má rí mi báyìí, ọmọ mi tí ó mọ̀wé ti ní Ìgínóráǹtì ni mí." Àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà, n kò sì ní ìgboyà láti tú u palẹ̀.

Èrò mi nípa kíkọ́ ọ̀rọ̀ láti inú ohun kan ṣoṣo ni pé ó dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Ó fún mi ní ẹnu. Ní ọdún 1970, mo ti ń dìde ní kíláàsì láti sọ ìrìn-àjò Apollo 13, bí ọ̀kan nínú àgbá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wọn ti bẹ́, àti bí wọ́n ṣe padà sílé láìfi ẹsẹ̀ kan òṣùpá. Àwọn tí ó ti rò pé mo yadi ń wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mi kò gbélé ayé. Nígbà tí mo dá jókòó ṣe ìdánwò ní 1973, wọ́n ní kí á kọ lẹ́tà sí onílé tí a háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, kí á ṣàlàyé pé òrùlé ń jò. Mo mọ "trajectory", mo mọ "atmosphere", n kò mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe àjà ilé, n kò mọ ohun tí ó ń pe jíjò. Mo kọ ọ́ fún onílé náà pé omi ń wọ ojú sánmà yàrá mi padà láìgba àṣẹ. Mo fìdí rẹmi, ó sì tọ́ sí mi. Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kòkò, Gẹ̀ẹ́sì ìlẹ̀kùn àti Gẹ̀ẹ́sì gbèsè lẹ́nu àwọn akọ̀wé àti nínú ìwé ìròyìn, kí n tó yege. Ọ̀rọ̀ "launch" náà fẹ́ dójú tì mí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí sí "launching" ìwé kan ní Ìbàdàn, ọkọ̀ tí iná ń yọ ní ìdí rẹ̀ ni ó wá sí mi lọ́kàn. Owó ni mo bá wọn ń dá.

Ìyá Àgbà kú ní 1974. Nígbà tí a ń sin ín, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, ó kì í, ó kì í dé ìdí orísun rẹ̀, ó sì fi orúkọ yẹn kún oríkì rẹ̀. Ìgínóráǹtì ọmọ aláṣọ òfì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wà níbẹ̀ rò pé àwọn kò gbọ́ dáadáa. Èmi ni mo gbọ́.

Ní ọdún 1976, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn, mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan tí ó ń sọ ìdílé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí n wo àwọn ọ̀rẹ́ mi àtijọ́. "Crater" ni ọpọ́n tí àwọn Gíríìkì fi ń po ọtí. "Planet" ni alárìnkiri. "Astronaut" ni atukọ̀ inú ìràwọ̀. "Comet" ni onírun gígùn. Irun ni àwọn Gíríìkì rí níbi tí àwa ti rí ìrù, tí a fi ń pè é ní ìràwọ̀ onírù. "Orbit" kò ju ojú ipa tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ. Nígbà náà ni mo dé orí "rocket". Ó ní èdè Ítálì ni ó ti wá, àti pé ohun tí ó túmọ̀ sí níbẹ̀ ni igi kékeré tí àwọn obìnrin ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ran òwú. Wọ́n fi sọ iná tí ń fò sókè lórúkọ nítorí pé ìrísí wọn jọra.

Mo ti ìwé náà pa. Mo tún un ṣí. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ Ìyá Àgbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí ó ń pòòyì níwájú mi bí mo ti ń bú u, nínú ìdílé kan náà ni orúkọ ohun tí ó gbé Armstrong lọ ti wá. Yorùbá pàápàá kò fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìrànwú ni a kọ́kọ́ mọ̀ ní kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ohun tí ń yí lórí ilẹ̀ dé, a fi orúkọ igi ìrànwú pè é, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di kẹ̀kẹ́ tí à ń gùn. Àwọn Ítálì ju kẹ̀kẹ́ tiwọn sókè ọ̀run, àwa yí tiwa lórí ilẹ̀. Ọdún méjì ti kọjá tí a ti sin ẹni tí ǹ bá sáré lọ sọ ọ́ fún.

Láti ìgbà náà ni n kò ti gba ẹni tí ó bá ní èdè wa kò lè dé ojú sánmà gbọ́ mọ́. Ẹ wo "satellite". Èdè Látìn ni ó ti wá, ẹmẹ̀wà ni ó túmọ̀ sí, ẹni tí ń tẹ̀lé ọlọ́lá kiri tí ó sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn bàbá wa ti ronú débẹ̀, wọ́n sì ti jiyàn lórí rẹ̀: wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àgùàlà ni àwọn òyìnbó ń pè ní Venus, oòrùn ni òun ń yí po, kì í ṣe òṣùpá. Ẹni tí ó sọ òwe yìí mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ń bá ni rìn àti ẹni tí ń tẹ̀lé ni lẹ́yìn. Ilẹ̀ wa pàápàá kò jìnnà sí ọ̀ràn náà. Kánò wà lára àwọn ibi tí John Glenn bá sọ̀rọ̀ láti òkè nígbà tí ó yí ayé po ní 20 February 1962. Ní August 1963, Kennedy àti Abúbakar Tàfáwà Bàléwà bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Syncom 2, tí ọkọ̀ ojú omi kan ní èbúté Èkó sì ń gba ohùn náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Kò sí olùkọ́ kan tí ó fi ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lọ̀ wá.

Ní oṣù January 1970, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bú Ìyá Àgbà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní ìmọ̀ ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń ronú nípa wọn, tìlara-tìlara díẹ̀. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, n kò so pátákó mọ́ ọmọ kankan lọ́rùn. Ọ̀gá ilé-ìwé kan fẹ̀sùn kàn mí nítorí èyí, ó ní mo ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Mo jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní 27 September 2003, ilé òfì bàbá mi ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè. Mo lọ gbé kẹ̀kẹ́ Ìyá Àgbà kúrò lórí àjà, mo nù ún, mo sì gbé e wá sí Ìbàdàn.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ó ń gbé Èkó, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ, Yorùbá rẹ̀ ń ta kọ́sẹ̀kọ́sẹ̀. Ó rí kẹ̀kẹ́ náà lára ògiri, ó bi mí pé kí ni. Mo sọ fún un. Mo sọ ti "rocket" fún un pẹ̀lú, ó ní irọ́ ni, a jọ wo ìwé atúmọ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ó ní irú ẹni wo ni ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ náà. Mo sọ ìtàn òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ burúkú náà pẹ̀lú, àti irọ́ tí mo pa tẹ̀lé e. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ẹ̀gbọ́n mi tí ó mọ̀ ọ́n sì ti lọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bàbá àgbà, ṣé ẹ bẹ̀ wọ́n?"

Mo ní rárá.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà, ó fi ìka ta á gẹ́gẹ́ bí mo ti júwe fún un. Ó ṣubú. Mo ní kí ó kọ́kọ́ ti ìka bọ eérú. Kò sí eérú nílé, gáàsì ni a fi ń dáná. A lo àtíkè.